Ọmọ Apá Òsì

Rìbọ́ọ̀nù dúdú ni Ràbíátù kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú ọmọ tí wọ́n so ó mọ́ lórí. Ó ti fi aṣọ ìnura di fótò tirẹ̀ mẹ́rin, ó gbé wọn mọ́ àyà, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn ilé ìkàwé, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Àwòrán ọmọdébìnrin kan ló gba gbogbo ògiri náà, láti ẹ̀yìn àga àwọn òǹkàwé títí dé abẹ́ fáànù. Rìbọ́ọ̀nù náà dábùú igun rẹ̀ lókè, irú èyí tí àwọn onígbàgbọ́ máa ń so mọ́ fótò òkú wọn lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n lẹ bébà kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní Faransé pé Táyé nìyí, ọ̀kan nínú ìbejì Ìfọ̀nyìn, èyí tó kú.

Èébì gbé Ràbíátù. Kì í ṣe àsọdùn. Ó ṣe é bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́ ẹyin sínú ọbẹ̀, tí òórùn sì sọ fún un pé ẹyin ti bàjẹ́. Ọmọ tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù òkú mọ́ lórí yìí, òun ló ta káàdì fóònù fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ibodè. Ó ti dàgbà, ó ti lọ́kọ, ó sì lóyún oṣù keje. Gúgúrú ló ń jẹ bó ti ń bá Ràbíátù ṣàwàdà.

"Ta ló gbé èyí kọ́ síbí?"

"Èmi ni, Tántí Ràbí," ni ohùn kan dáhùn láti orí àkàbà. "C'est fort, non? Ó lágbára, àbí?"

Régis nìyẹn, olórí ẹgbẹ́ àwọn ayafótò Ìfọ̀nyìn, tó ṣètò ìpàtẹ fótò ọjọ́ náà. Ọmọ náà kò burú tẹ́lẹ̀, ká sọ tòótọ́. Fótò ìgbéyàwó ló ń yà bíi ti gbogbo wọn, kó tó lọ lo oṣù díẹ̀ ní Kútọnú lọ́dọ̀ àwọn kan tí wọ́n kọ́ ọ pé fótò tí èèyàn bá ti rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ kì í ṣe fótò gidi. Láti ìgbà tó ti dé, kò tún ya ẹni tó yó mọ́. Bàbá tó ní oko ọ̀pẹ ní Kò-Kúmolú, tó kọ́lé alájà, Régis á ní kó bọ́ bùbá rẹ̀, kó wọ aṣọ oko tó ti ya, kó sì máa wo ilẹ̀. Òtítọ́ ni Régis ń pe èyí. Ìranù ni Ràbíátù ń pè é, àmọ́ ó ti ń gbé e mì láti ọjọ́ yìí, nítorí òun náà fẹ́ kí wọ́n kọ́ fótò òun sára ògiri lẹ́ẹ̀kan láyé òun. Fótò àwọn ìyàwó tuntun ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé wá, tí ìyá wọn ń bá wọn tún ìbòrí ṣe kí wọ́n tó jáde síta. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín, Régis sì ti sọ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni òun máa fi wọ́n sí.

Àwòrán ńlá tó wà lára ògiri yìí kì í ṣe ti Régis rárá. Iṣẹ́ bàbá Ràbíátù ni, Bàbá Fádípẹ̀ tó ni Fótò Fádípẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Nígbà tí bàbá náà ṣaláìsí, tí òjò ń wọ inú ṣọ́ọ̀bù, Ràbíátù kó àpótí fíìmù rẹ̀ wá sí ilé ìkàwé pé kí wọ́n bá òun tọ́jú rẹ̀. Inú àpótí yẹn ni Régis ti yọ fíìmù ìbejì. Ọmọ méjì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú rẹ̀. Régis gé ti apá ọ̀tún dànù, ó sì fẹ ti apá òsì lójú títí ó fi ga ju èèyàn lọ.

Ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kì í la ẹnu sọ pé ìbejì kú. Bí ọ̀kan bá lọ, ó lọ ṣẹ́gi ni. Láyé àtijọ́ wọ́n á gbẹ́ ère fún èyí tó lọ, kí èkejì má baà dá wà, kó má baà tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àwọn ìmàle kò fẹ́ ère nílé wọn, fótò ló sì bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá tó bá ti ní fótò àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀, ó bọ́ fún un. Èyí tí kò ní, á mú ọmọ tó kù lọ bá ayafótò. Ayafótò á fi páálí dúdú bo ìlàjì ojú kámẹ́rà, á ya ọmọ náà lápá òsì bẹ́ǹṣì. Á wá yí páálí náà sí ìlàjì kejì, ọmọ á sún sí apá ọ̀tún, á tún yà á lórí fíìmù kan náà. Bí fótò bá jáde, ọmọ méjì ló jókòó síbẹ̀. Ìyá á gbé e kọ́ sí iyàrá, á máa gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ń ṣe sàráà ìbejì, ọkàn gbogbo wọn á sì balẹ̀.

Ràbíátù ló di páálí dúdú náà mú lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì mú Kẹ́hìndé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọmọdé ni òun náà nígbà yẹn, àmọ́ kò gbàgbé. Ọmọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú aṣọ àǹkárá tuntun, ó ní, "Táyé dà?" Bàbá Fádípẹ̀ ní, "Ó ń bọ̀. Sún sí ọ̀hún, kí o fi àyè sílẹ̀ fún un." Ọmọ náà sì sún, ó fi ọwọ́ nu bẹ́ǹṣì níbi tí ìkejì rẹ̀ máa jókòó sí. Bàbá Fádípẹ̀ ti orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kámẹ́rà rẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ. Lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà ti lọ, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ohun tí a bá rí níyàrá òkùnkùn tí a ti ń fọ fíìmù, iyàrá òkùnkùn ló ń gbé. Ìyá Ìbejì ti bẹ̀ ẹ́ pé Kẹ́hìndé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ láéláé. Kẹ́hìndé kò sì gbọ́ ọ. Ó dàgbà lójú fótò yẹn, ó mọ̀ pé òun ni ti apá ọ̀tún, pé Táyé òun ni ti apá òsì.

"Sọ ọ́ kalẹ̀," ni Ràbíátù wí.

"Mais pourquoi, Tántí?"

"A kì í sọ pé ìbejì kú. Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Régis sọ̀ kalẹ̀, ó nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò. "Wọ́n kọ́ mi. Mamie mi, ìyá àgbà mi ní Àjàṣẹ́, náà máa ń sọ pé wọ́n lọ ṣẹ́gi. Voilà! Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ fọ́. Mo ti lọ bá ìyá wọn nílé, mo mú bisikíìtì dání. Òun fúnra ẹ̀ ló nàka hàn mí pé ti apá òsì ni Táyé. Ó sì ń bọ̀ lónìí. Òun ni invitée d'honneur, àlejò pàtàkì wa."

"O sọ fún un pé o máa so rìbọ́ọ̀nù òkú mọ́ ọn?"

"Surprise ni."

Ràbíátù wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, a lè foríjì í. Èyí mọ̀. Ó mọ èèwọ̀, ó sì gbé e lé àwo, ó fẹ́ kí àwọn ará Kútọnú wá fi ìka tọ́ ọ wò. Ràbíátù pòṣé, ó yíjú sí Véronique, ìyáàfin tó ń bójú tó ilé ìkàwé, tó ń to ife sórí tábìlì.

"Màdáámù, ẹ sọ fún un kó gbé e kúrò."

"Tata Ràbí, ẹ má bínú, affiche tí a fi kéde ní Kútọnú ti jáde," ni Véronique wí. "Fótò yẹn ló wà lórí ẹ̀. Aṣojú méríì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ti wà lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lónìí ná, lọ́la a máa jókòó sọ ọ́."

Ọ̀la tí èèyàn fi ń lé ẹni tó wá sin gbèsè lọ! Ràbíátù tún wo Mùríìdì, ẹgbẹ́ rẹ̀ látijọ́, tó ya fótò àwọn onísẹ́mì ọlọ́kadà àti ìgò epo bẹntiróò lẹ́bàá ọ̀nà. Ìmàle ni, àbúrò bàbá rẹ̀ bí ìbejì, ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mùríìdì ń fi ìka nu eruku tí kò sí lára fótò rẹ̀. Bí ojú bá ń ti èèyàn, á máa wá iṣẹ́ fún ọwọ́.

Ràbíátù ronú. Ó rò pé bí Régis bá mọ̀ pé ẹni tó wà láàyè ló so rìbọ́ọ̀nù òkú mọ́, ẹni tí oyún wà níkùn rẹ̀, ẹ̀rù á bà á. Kò sí ẹni tí ìyá bí tí ẹ̀rù ìyẹn kò ní bà. Ó fà á lọ sẹ́yìn pẹpẹ ìwé, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé páálí dúdú fún un, àti bẹ́ǹṣì, àti ọmọ tó sún. Ó ní Kẹ́hìndé kò mọ̀. Ó ní ìyá rẹ̀ kò fẹ́ kó mọ̀, pé ohun tí òun fi ń bẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kó gbé e kúrò kí wọ́n tó dé.

Ojú Régis là bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣí ìkòkò ẹran níwájú rẹ̀.

"Attends. Ẹnì kan náà ni àwọn méjèèjì? Obìnrin yẹn wà láàyè, ó ń bọ́ fótò ara ẹ̀, kò sì mọ̀?" Ó fi ẹnu ko orí ìka rẹ̀ márààrún. "Tántí! Mais c'est encore plus fort! Ó tún lágbára sí i!"

Itọ́ rẹ̀ ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ràbíátù. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nù ún, ó tún nù ún, ó ṣe é bíi pé kò lọ.

"Régis, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

"D'accord, d'accord. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Parole d'honneur." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ń wá bátìrì kámẹ́rà rẹ̀ lápò.

Ìríra tó kọjá ti àkọ́kọ́ mú Ràbíátù, nítorí ti ara rẹ̀ wà nínú èyí. Ọdún pọ̀ tó ti pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́, ìgbà tó sì máa sọ ọ́, ẹni tí kò yẹ ló sọ ọ́ fún. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tiẹ̀ ló sì ń gbóná yìí. Ó ju fótò rẹ̀ sórí àga, ó fa àkàbà, ó gùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ ti kan rìbọ́ọ̀nù kí Véronique tó sáré dé, tó di ìró rẹ̀ mú, tó ń pariwo pé "Tata, ẹ máa jábọ́! Tata, ìró yín ń tú!" Obìnrin mìíràn kò ní bìkítà fún ìró. Ràbíátù náà kò bìkítà, ṣùgbọ́n fèrè ọkọ̀ aṣojú méríì dún lẹ́nu ọ̀nà, àwọn èèyàn sì ń wọlé bọ̀. Ó fi ọwọ́ kan di ìró, ó sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn àlejò kún inú ilé. Aṣojú méríì wà níbẹ̀ pẹ̀lú káfutáánì rẹ̀, àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn ará Kútọnú méje tàbí mẹ́jọ sì wà níbẹ̀ tí lọ́fíńdà wọn bo òórùn ìwé mọ́lẹ̀. Wọ́n ń rìn láti ibi fótò kan dé òmíràn, wọ́n ń dijú díẹ̀, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ki ọwọ́ sínú ṣinṣín, wọ́n sì ń fi ọwọ́ òróró kan náà nàka sí ojú àwọn bàbá àgbẹ̀ tí Régis bọ́ láṣọ. Wọ́n kọjá lára ìyàwó tuntun Ràbíátù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí Véronique ti bá a kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, bí ẹni kọjá lára àwọ̀n fèrèsé. Ibi tí gbogbo wọn dúró sí ni iwájú ọmọ apá òsì. "La pauvre," ni wọ́n ń wí, wọ́n ń káàánú rẹ̀. Obìnrin kan gbé fóònù sókè, ó kẹ̀yìn sí ọmọ náà, ó sún ètè jáde, ó ya ara rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún un yà. Ràbíátù yí ojú kúrò, ó kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà náà ló gbọ́ ìró ọ̀kadà méjì níta. Ó sáré jáde.

Ìyá Ìbejì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí èyí àkọ́kọ́. Fàúzíyàtù lorúkọ rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wọ léèsì funfun, ó fi ìbòrí tuntun sí i, ó gbé abọ́ ẹ̀wà tó tóbi lé itan. Ọmọ rẹ̀ Hàsíátù, tí gbogbo ìlú ń pè ní Kẹ́hìndé, wà lórí ìkejì, ó ń fi ọwọ́ ti ìdí bó ti ń sọ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀," ni Ràbíátù wí, ó kúnlẹ̀, ó tún dìde kíákíá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Mo bẹ̀ yín. Ẹ má wọlé yẹn."

"Ràbí ọmọ Fádípẹ̀, kí ló dé? Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ yẹ́ àwọn ọmọ mi sí, o ní ká padà?" Ìyá arúgbó náà ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà wọn á tutù. Gbà á kí o bá mi gbé e, apá ń ro mí."

Ó gbé abọ́ náà lé e lọ́wọ́. Epo ti dà sí ìdí rẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó sì ta sí àtẹ́lẹwọ́ Ràbíátù méjèèjì. Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ tó máa sọ, kí ó tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín títì, Kẹ́hìndé ti di ìyá rẹ̀ lápá mú, wọ́n ti gun àtẹ̀gùn, Régis sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà tó na ọwọ́ méjèèjì sí wọn.

"Màmá! Bienvenue! Ẹ fún wọn láyè, ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn èèyàn pín sí méjì. Ìyá Ìbejì rìn láàárín wọn bí ìyá ìyàwó, ó ń kí tọ̀tún tòsì. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí ògiri náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kẹ́hìndé náà rí i, ó sì rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, nítorí kò tíì rí kí ìkejì òun tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ kan rìbọ́ọ̀nù. Ẹ̀rín náà kú lẹ́nu rẹ̀.

Régis mú maikirofóònù. "Mesdames et messieurs, ìyá rẹ̀ nìyí. Ìyá ọmọ tó kú."

Àwọn àgbàlagbà tó wà lẹ́yìn fi ìka yí orí ká, wọ́n ta á dànù. Ẹnì kan ní "Ọlọ́run májẹ̀ẹ́." Aṣojú méríì wo bàtà rẹ̀.

"Ta ló kú?" ni Ìyá Ìbejì bi í. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Ọmọ mi kò kú. Ó lọ ṣẹ́gi."

Ọ̀dọ́kùnrin kan láàárín àwọn ará Kútọnú fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ló ń rín. Ràbíátù gbá abọ́ ẹ̀wà mọ́ra, ó ń ti àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ sún mọ́ ọn, Màmá," ni Régis wí. Ó ti gbé maikirofóònù lé Véronique lọ́wọ́, ó ti gbé kámẹ́rà sójú. "Ìwọ náà, ma sœur. Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé Táyé nìyẹn? Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó ṣèlérí pé òun kò ní sọ nǹkan kan, kò sì sọ ọ́. Ó kàn ń ti ọmọ ọlọ́mọ síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ti ewúrẹ́ sí etí kòtò, kó lè ya bó ṣe máa ṣubú. Nínú gbogbo ohun tí Ràbíátù ti rí láyé, kò tíì rí èyí tó rí i lára tó bẹ́ẹ̀.

Kẹ́hìndé sún mọ́ ọn. Wọ́n ní kó wò ó dáadáa, ó wò ó dáadáa. Fótò tó wà ní iyàrá ìyá rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òkè ni wọ́n kọ́ ọ sí, èéfín tùràrí ti bò ó. Èyí ga jù ú lọ, ó mọ́ kedere, gbogbo irun ojú ọmọ náà ṣeé rí. Àpá kan sì wà lójú ọmọ náà, lókè ìpéǹpéjú ọ̀tún, ó gùn bí ẹyọ ìrẹsì.

Kẹ́hìndé gbé ọwọ́ sí ìpéǹpéjú ọ̀tún tirẹ̀.

"Màmá."

Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ kó fà á kúrò níbẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi. Ẹ ní ọjọ́ tí Táyé lọ ṣẹ́gi ni mo sáré tẹ̀ lé e, tí mo ṣubú lu etí odó. Ẹ ní ibẹ̀ ni mo ti gba àpá yìí." Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bíi pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà nílé. "Báwo ló ṣe wá wà lójú ẹ̀?"

Kẹ́hìndé nàka sí àpá tó wà lára ògiri.

"Èmi nìyí," ni Kẹ́hìndé wí. "Àpá mi nìyẹn. Màmá, ta ni mo ń gbé ẹ̀wà síwájú ẹ̀ láti kékeré?"

Omi ti bọ́ sójú Ìyá Ìbejì, àmọ́ ẹni ń sunkún a máa ríran, ojú ọmọ rẹ̀ ló sì ń wò, kò wo ẹlòmíràn. "Ìwọ ni," ó wí. "A ò ya Táyé rí. Ó lọ kí a tó rí àyè mú yín lọ sí fótò. Èmi ni mo bẹ Fádípẹ̀ kó ṣe é bẹ́ẹ̀. O ń jí lóru, o ń tọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹní, o ń wá a. Mi ò fẹ́ kí o dá jókòó."

Iná kámẹ́rà kọ mànà. Régis ti kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn, ó ń wá ibi tí omijé ti máa mọ́ kedere, ó ń wí lábẹ́ èémí pé, "Oui, oui, ẹ má mira, comme ça." Iná tún kọ mànà.

Ràbíátù gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Kò pariwo, kò bú u. Ó rìn lọ bá a, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó kún fún epo pupa, ó sì fi wọ́n pa ojú kámẹ́rà náà, ó pa á yípo, ó pa á délẹ̀, bí ẹni ń fi epo pa ara ọmọ tuntun. Régis ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. "Tántí! Objectif mi! Ẹ ti ya wèrè?"

"Nu ojú rẹ̀," ni Ràbíátù wí. "Ó ti pẹ́ tó ti dọ̀tí." Ó sì lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń sọ àwọn ìyàwó tuntun rẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dì wọ́n padà sínú aṣọ ìnura.

Kẹ́hìndé kò wo àwọn méjèèjì. Ó di etí àga mú, ó fi ara balẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ lábẹ́ ọmọ apá òsì, ó na ẹsẹ̀ síwájú nítorí ikùn rẹ̀. Ó fa abọ́ mọ́ra, ó ṣí i. Abọ́ ẹ̀wà ìbejì yìí, ìlàjì ni wọ́n máa ń jẹ nílé wọn. Ìlàjì kejì, ti Táyé, iwájú fótò ló máa ń wà títí á fi tutù, kí wọ́n tó pín in fún àwọn ọmọ àdúgbò. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ bù ú. Ó jẹ ti apá ọ̀tún, ó sì bọ́ sí ti apá òsì, kò sinmi, omijé ń ṣàn dé àgbọ̀n rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ jókòó tì í, ó fi etí léèsì funfun rẹ̀ nu epo lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ará Kútọnú ni. Ẹlòmíràn gbà á, aṣojú méríì náà pa tirẹ̀, Véronique rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, òun náà gbé maikirofóònù sábẹ́ abíyá, ó ń pa á. Wọ́n rò pé ara ìpàtẹ ni. "Magnifique," ni obìnrin onífóònù ń wí, ó ń nu ojú. Àtẹ́wọ́ náà gbilẹ̀ títí ó fi gba gbogbo ilé ìkàwé, Régis tó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu kámẹ́rà sì gbórí sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba fún wọn.

Ràbíátù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó fẹ́ tutọ́, kò sì mọ ibi tó máa tu ú sí tí kò ní ba ènìyàn kan.

Ìyá Ìbejì gbé ọwọ́ kan sókè láti orí ilẹ̀ tó jókòó sí, ọwọ́ kejì sì wà lẹ́yìn Kẹ́hìndé.

"Ẹ dákẹ́ àtẹ́wọ́," ó wí. "Ọmọ mi ń jẹun."